Ìbéèrè Tó Sùn Lọ́dún Kan: Bí Gúrúùpù Àwọn Aládìrẹ Kan l'Abẹ́òkúta Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Sọ̀rọ̀

Èèyàn 204 ló wà nínú gúrúùpù WhatsApp náà lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí kún un, pé kí n wá bá wọn wá ọ̀nà tí àwọn èèyàn á fi máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Aládìrẹ ni gbogbo wọn: àwọn tó ń tà ní Ìtòkú, àwọn ìyá tó ń rẹ aṣọ lágboolé ní Kẹ́mta, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àbẹ́là ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ ní Aṣẹ́rò àti Ọbáńtokò, àti àwọn mélòó kan tó ń kó ọjà lọ sí Èkó. Nígbà náà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò lè rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ kó tó dé, nítorí náà mo ní kí akọ̀wé yá mi ní fóònù rẹ̀, mo sì jókòó ka gbogbo ọ̀rọ̀ oṣù kan sẹ́yìn tán. Èèyàn mẹ́fà péré ló sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń fi àdúrà ránṣẹ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ọ̀kan ń polówó bàtà, alága ń rán wọn létí owó ẹgbẹ́, akọ̀wé ń kéde ìsìnkú àti ìkómọ, àwọn méjì yòókù ń dáhùn pé "Àmín". Kò sí ọ̀rọ̀ aró kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀.

Alága sọ fún mi pé, "Àwọn èèyàn wa kì í dá sí nǹkan. Ó ti sú mi." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bójú tó irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀, yálà ti oníṣẹ́ ọwọ́ ni o, ti àwọn òbí ni o, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ti àwọn aládìrẹ yìí sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí wọ́n fi dá gúrúùpù náà sílẹ̀ dára púpọ̀. Iṣẹ́ aró jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń dá ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bí aró bá kọ̀ lọ́sàn-án, tí aṣọ ọgbọ̀n yáàdì sì wà nílẹ̀, ẹni tó mọ ohun tó fà á lè wà ní òdìkejì ìlú. Àdìrẹ ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà sì ti já owó ọjà wálẹ̀ débi pé aládìrẹ kò lè fara da kí aṣọ kan ṣoṣo bà jẹ́. Wọ́n fẹ́ ibi tí èèyàn á ti lè kígbe, kí ará ilé sì dáhùn.

Ohun tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó pè mí

Alága kọ́kọ́ kéde pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù lọ́sẹ̀ kan yóò gba káàdì ìpè ₦1,000. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá gúrúùpù náà sílẹ̀, kò tíì kún tó ti ọ̀sẹ̀ náà rí. Ohun tó kún inú rẹ̀ ni "Ẹ káàárọ̀ o", "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o", àti àwòrán òdòdó. Ọmọ kékeré kan tó ń kọ́ṣẹ́ ló gba káàdì náà. Ó kí wọn lọ́sàn-án, ó kí wọn lóru. Àwọn àgbà tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní kí àwọn ọmọ wọn bá wọn pa ìró gúrúùpù náà, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣí i mọ́ títí tí mo fi dé. N kò bínú sí ọmọ náà. Wọ́n ní àwọn yóò sanwó fún ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ wá fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìhàlẹ̀ sí i: ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, wọn yóò yọ ọ́. Wọ́n yọ èèyàn mẹ́tàdínlógún lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tó ṣì ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́, tó ń fi láfún po ẹ̀kọ, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya á sára aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ló ń ka ohun tí wọ́n ń kọ. Nígbà tí mo padà rí i, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́. Ṣé ọmọ tó dákẹ́ ní kíláàsì ni wọ́n ń lé jáde?"

Èmi náà ṣìnà

Mo rò pé ohun tí wọ́n ṣaláìní ni ìbéèrè. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀kan láràárọ̀. "Kí ni ẹ rò nípa ọjọ́ iwájú àdìrẹ?" "Báwo la ṣe lè gbé iṣẹ́ wa lárugẹ?" Lọ́jọ́ kìíní, ẹni méjì dáhùn. Ọ̀kan ní Ọlọ́run yóò ṣe é, èkejì ní kí ìjọba ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́.

Nígbà tí mo wá ro ó, mo rí i pé èmi tí mo béèrè kò ní fi ìdáhùn náà ṣe nǹkan kan. Bí wọn ò bá tilẹ̀ dáhùn, n óò sùn, n óò jí. Àwọn tó ń kà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó tóbi tó yẹn sì dà bí kí wọ́n ní kí èèyàn dìde ní gbọ̀ngàn kó wá bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ dìde? Ẹni tó bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ nìkan ni, ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ kò sì fi dandan jẹ́ ẹni tó mọ aró.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn.

Àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Ìtòkú, láti agboolé dé agboolé. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ni mo ń bá wọn sọ, ọ̀rọ̀ gúrúùpù a sì máa yọ jáde fúnra rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní, "Tí mo bá tẹ Yorùbá, àwọn ọmọ wọ̀nyí á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Tí mo bá tẹ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn tún wá burú jù." Ọkùnrin kan ní òun kò lè sọ bí òun ṣe ń po aró òun, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ọ lónìí ni yóò lọ bá oníbàárà òun lọ́la. Àwọn méjèèjì yìí ni mo ti fojú sọ́nà fún.

Èyí tí n kò fojú sọ́nà fún ni ti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ọ̀gá òun wà nínú gúrúùpù náà. Bí òun bá béèrè nǹkan níbẹ̀, gbogbo ayé á mọ̀ pé ọ̀gá òun kò kọ́ òun. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ wà lára okùn tó fi ń di aṣọ. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ọmọ iṣẹ́ tó lọ ń bi ọ̀gá ẹlòmíràn léèrè ti fi ilé ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ gbangba. A ti kó ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ pọ̀ sínú yàrá kan, a wá ń bínú pé àwọn ọmọ iṣẹ́ dákẹ́. Èmi kò ronú kan ìyẹn rí títí ọmọ yẹn fi là mí lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Kẹ́mta ni ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà fún mi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ débi pé kò lè bọ́ mọ́, fóònù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá tó so mọ́ ìbàdí. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe máa ń bá wa sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Mo ti sọ̀rọ̀ rí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn." Mo ní bóyá wọn kò rí i ni. Ó yọ fóònù náà nínú ọ̀rá, ó nà án sí mi. "Wá a. Ó wà níbẹ̀."

A jókòó sórí àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Mo ń fi àtàǹpàkò yí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, lọ, lọ, nínú àdúrà àti òdòdó àti bàtà, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó yá, mo rí i. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́, ó ti lé lọ́dún kan: "Ẹ jọ̀ọ́, aró mi ń ṣí mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni lálẹ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan kọjá, àdúrà wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí i, ìkéde ìsìnkú wọlé pẹ̀lú àwòrán, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìdílé olóògbé, bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ìbéèrè ìyá ti bọ́ sókè kúrò lójú.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti wo àwọn tó ti kà á. Wọ́n jẹ́ 143. Ìyá ti mọ̀. Ó ní odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ ọmọ òun fi ń ka orúkọ wọn fún òun lálaalẹ́, àti pé orúkọ ẹnì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òun lòun kọ́ ọ níṣẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. "Wọ́n rí ìhòòhò mi, ọmọ mi. Wọ́n pọ̀ tó báyìí, kò sẹ́ni tó da aṣọ bò mí."

Ohun tó jẹ́ òkodoro ọ̀ràn náà nìyẹn. Àwọn èèyàn yìí ti sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí àgbà obìnrin tí gbogbo Kẹ́mta ń bọ̀wọ̀ fún béèrè tí a kò dá a lóhùn, ẹni 143 ló kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ṣe é fún ìyá, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi? Alága rò pé wọn kò fẹ́ dá sí nǹkan. Èmi rò pé wọ́n nílò ìbéèrè. Ìbéèrè wà níbẹ̀ látọdún tó kọjá.

A gbé e jáde padà

Mo bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí a tún béèrè, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn òun fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Mo ṣèlérí fún un pé ìbéèrè náà kò ní sùn mọ́jú láìrí ìdáhùn. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: irú aṣọ, irú aró, bí omi ṣe gbóná tó, bí ó ṣe pẹ́ tó nínú ìkòkò.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo pe ẹni mẹ́ta lórí fóònù: obìnrin tó ń ta èròjà aró ní Ìtòkú, ọ̀gá kan tó ń fi àbẹ́là ṣiṣẹ́ ní Aṣẹ́rò, àti àgbà obìnrin kan ní Òkè-Ìjẹ̀ùn. Mi ò kọ́ wọn lóhun tí wọ́n máa sọ. Mo kàn ní, "Ìyá kan ń bọ̀ wá béèrè nǹkan lálẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè náà sùn." Àwọn kan lè ní ète ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ìyá jẹ́ òótọ́, ìmọ̀ wọn sì jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo ṣe ni ohun tí olóde ń ṣe, tó lọ sọ fún ẹbí pé àlejò ń bọ̀.

Ẹni tó ń ta èròjà ló kọ́kọ́ dáhùn, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí ìyá wo háídírò rẹ̀, èròjà tó ń mú kí aró yòrò nínú omi. Háídírò tí a bá ṣí sílẹ̀, tí ọ̀rinrin wọ̀, agbára rẹ̀ ti lọ. Aró kò ní yòrò dáadáa nínú omi, orí aṣọ ló máa jókòó sí, ọwọ́ tó bá kàn án ló máa gbé e. Ọ̀gá Aṣẹ́rò ní aṣọ ni kí a wò, nítorí ọjà ti kún fún aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà, ìyẹn pọ́lísítà, lú òwú, aró òwú kì í sì í mú rọ́bà. Ó ní kí ìyá tu fọ́nrán òwú kan, kó fi iná sí i: bó bá di eérú, òwú ni, bó bá yọ́, tó ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó le, rọ́bà wà nínú rẹ̀. Àgbà obìnrin Òkè-Ìjẹ̀ùn kò gba ti ẹnì kankan. Ó ní ìyá kò kọ́kọ́ fọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi le aṣọ náà láti ilé iṣẹ́ kúrò. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, tó dùn-ún gbọ́.

Láàárín rẹ̀ ni ohùn kan wọlé tí n kò pè. Ọkùnrin kan láti Ọbáńtokò ni, tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i dáadáa kí ẹ tó fi omi ṣàn án?" Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ti ṣe pẹ́lẹ́ tó. Kò sọ pé òun mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n aládìrẹ tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ó mọṣẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń mú kí irú aró bẹ́ẹ̀ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tu òwú, ó sun ún. Eérú ni. Ó lọ wo háídírò rẹ̀, ó ti wà nínú ọ̀rá tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ láti ìgbà òjò. Ó ra tuntun tí wọ́n dì pa. Lọ́jọ́ kẹta ó fi àwòrán kan ránṣẹ́: aṣọ aró lápá kan, àǹkáṣíìfù funfun tó fi nù ún lápá kejì, ó sì funfun bí ó ti wà. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni méjìlélógún ló sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù náà, aró ni gbogbo wọn sì ń sọ.

Bí a ṣe tún yàrá náà tò

Àdúrà ni a kọ́kọ́ mójú tó, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ádímìn ti ń fọ́ gúrúùpù wọn. Wọ́n á kàn kéde pé àdúrà kò sí mọ́, ẹni tó ń fi tọkàntọkàn gbà á á sì bínú kúrò. Èmi àti alága lọ bá bàbá tó ń fi àdúrà ránṣẹ́ nílé. A sọ òtítọ́ fún un, pé ìbéèrè ìyá kan ti sọnù sábẹ́ àdúrà. Ó dà á láàmú gan-an. Ó ní òun kò mọ̀. A ṣí gúrúùpù míì fún àdúrà àti ìkéde, òun ló ń darí rẹ̀. Òun kan náà tún ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a fi ṣọ́ ìbéèrè báyìí.

Àwọn mẹ́ta yìí ni òpó ilé náà. Iṣẹ́ wọn kọ́ ni kí wọ́n mọ ìdáhùn. Iṣẹ́ wọn ni kí ìbéèrè kankan má ṣe sùn: bí wákàtí méjì bá kọjá tí kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n á pe ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí fóònù. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á sọ fún olùbéèrè pé a ti gbọ́, a ń wá a.

A ní kí gbogbo èèyàn máa fi ohùn sọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ àwọn tó mọ̀wé. Alága, tó jẹ́ tíṣà tẹ́lẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tí kò mọ̀wé nìkan ló ń fi ohùn ránṣẹ́, ohùn á di àmì àìmọ̀wé, wọ́n á sì padà dákẹ́. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin tó kàwé ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ wọn fún àwọn obìnrin ọjà, tí ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀, Yorùbá ni ó sì ń sọ láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ga ló sọ̀ kalẹ̀, kò dúró kí ẹni tó wà nílẹ̀ wá gun òkè. Àwọn obìnrin yẹn ló dìde lórí owó orí títí tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Mo máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní obìnrin ọjà kò lè sọ̀rọ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí, a fi òfin kan sí i, ó sì tu ọ̀pọ̀ lára: wàhálà ni a ń béèrè níbí, a kì í béèrè ọnà. Kò sẹ́ni tó lè bi ẹlòmíràn bó ṣe ṣe ọnà rẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́, a jẹ́ kí wọ́n máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ádímìn ní kọ̀rọ̀, òun á wá gbé e síta pé "Ẹnì kan béèrè". Lóṣù kìíní, èyí tó ju ìdajì lọ nínú ìbéèrè ló gba ọ̀nà yìí wọlé.

Ọ̀rọ̀ sódà

Lóṣù kẹta ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ bà jẹ́. Ìyá kan láti Ìjẹmọ̀ ń ṣàlàyé bó ṣe ń po aró, ó sì ní kí a da omi lé sódà kọ́sítíìkì tí a fi ń po aró. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó kàwé dáhùn lójú gbogbo èèyàn: "Irọ́ ni! Ìyá yìí fẹ́ pa yín." Ó fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta sí i.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Sódà kọ́sítíìkì ni a ń rọ sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da omi lé e, ooru rẹ̀ á ru lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ta síni lójú. A kò lè dákẹ́ lórí rẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ méjì, ohùn kan kò wọ gúrúùpù náà. Mo wo fóònù mi títí. Ó dà bíi pé a tún ti padà sí alẹ́ ìyá Kẹ́mta.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, a ti gbé àlàyé sódà síta láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ojú èèyàn kò ṣeé fi tàfàlà. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó ní òótọ́ ni òun sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń po sódà náà níwájú rẹ̀, kí ni yóò wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màá di ọwọ́ wọn mú." Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbéra lọ sí Ìjẹmọ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

Ìyá náà kò bínú púpọ̀. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn án láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbúnwọ́, ó fẹ̀, ó sì ń dán. Sódà ló ta sí i lára lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn. Ó ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe rí, pé kò sí aláró tí kì í jóná. Òun àti ọ̀dọ́kùnrin náà jọ pò ó bó ṣe yẹ lọ́jọ́ yẹn. Lálẹ́, ó fi àwòrán àpá náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù pẹ̀lú ohùn: "Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí, ohun tó fún mi sì nìyí. Ọmọ mi yìí ló wá tún un ṣe fún mi. Ẹ̀yin náà, ẹ tún tiyín ṣe."

Bí ẹ bá ní kí n yan ọjọ́ kan tí gúrúùpù náà dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ọjọ́ náà ni. Mi ò tún ní láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́ ara wọn sọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe á bẹ̀rẹ̀ pé, "Ìyá, èmi náà ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ rí." Wọ́n gba gbólóhùn náà lẹ́nu ara wọn.

Ohun tí a lè kà àti ohun tí a kò lè kà

Lóṣù karùn-ún, nínú èèyàn 198 tó kù, àwọn 67 ló ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ní 2006, Jakob Nielsen, ẹni tó ń ṣèwádìí nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ pé nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 90 ló máa ń wò lásán, 9 a máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ 1 ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Àwùjọ ńlá ló ń sọ nípa rẹ̀, tiwa kéré, àwọn èèyàn wa sì ń pàdé lọ́jà. Mi ò fi wéra láti fi yangàn. Mo mẹ́nu bà á nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó gúrúùpù tí ẹ sì ń dá ara yín lẹ́bi pé àwọn tó dákẹ́ pọ̀. Wọn yóò pọ̀ náà.

Mo padà lọ bẹ ìyá ẹlẹ́kọ tí wọ́n yọ, ó sì wọlé padà. Títí di òní kò tíì fi ohùn kankan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà sí agboolé rẹ̀ lóṣù tó kọjá, omi ló kọ́kọ́ wà nínú abọ́, sódà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì wọ ìbọ̀wọ́. Ní ti iye tí a ń kà, òdo ni ìyá yẹn.

Ẹni tó bá ní gúrúùpù tó dákẹ́, tó bá wá bi mí, mo máa ń ní kó má tíì ṣe ìdíje, kó má tíì kọ òfin. Kó jókòó, kó yí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, kó wá ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé yóò rí ọ̀kan. Bó bá rí i, kó lọ bá ẹni tó béèrè nílé, kó má ṣe kọ̀wé sí i.

Àwa náà kò tíì bọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń ṣọ́ ìbéèrè bímọ, bàbá aládùúrà rìnrìn àjò, ẹnì kẹta sì rò pé àwọn méjì yòókù wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Adátan béèrè ìdí tí àbẹ́là rẹ̀ fi ń fọ́ kí aró tó wọ aṣọ. Ọjọ́ méjì ni ìbéèrè náà fi wà níbẹ̀. Nígbà tí a máa fi dáhùn, ó ti da aṣọ náà nù. A ti rí ẹni tí yóò dúró fún ìyá ọmọ títí tí yóò fi jáde ogójì ọjọ́. Ọmọbìnrin náà kò tíì sọ ohunkóhun láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo máa lọ sí Adátan.